Fáìlì Kan Lè Ti Ilé-Iṣẹ́ Pa: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ṣàngó Ọ̀tà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, láti títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta dé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, fi sọ́kàn nípa kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, agbo kọ̀ǹpútà méjì ló máa ń wà. Ọ̀kan ń darí ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ tàbí tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Èkejì wà ní ọ́fíìsì lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé owó, òun ló so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kí àrùn tó bá wọ ọ́fíìsì má baà dé ìdí ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé owó gbọ́dọ̀ mọ iye páálí ọjà tí wọ́n ṣe lánàá. Fáìlì gbọ́dọ̀ kọjá. Ibẹ̀ lẹnìkan á ti fa fíláàṣì yọ lápò, èyí tó fi gba orin lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì tì í bọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Ní 2010 ni àṣírí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, Stuxnet, tú. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ní Natanz, lórílẹ̀-èdè Iran, kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kòkòrò yìí ba ẹ̀rọ ibẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé fíláàṣì ló gbé e wọlé.

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n kúkú so agbo méjèèjì pọ̀. Ewu ń bẹ níbẹ̀ náà. Lóṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry mú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé. Ihò inú ètò tí Windows fi ń pín fáìlì ló gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta.

Lóṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, NotPetya ṣẹ́yọ láti Ukraine, ó sì kọlu Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Denmark. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn Wired ṣe kọ ọ́ ní 2018, nǹkan bí 150 kọ̀ǹpútà tó ní àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣí ló pa rẹ́. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, ní Ghana, nítorí iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé! Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára láti fi ẹrù náà ránṣẹ́, ni òṣìṣẹ́ kan bá gbé e wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn sì gbé e lọ sí London. Maersk ní àdánù náà tó mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, ẹ fi kọ̀ǹpútà alárinà kan sáàárín, bí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Ìdí ẹ̀rọ á gbé fáìlì síbẹ̀, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ọ́fíìsì á wá mú un. Kí ọ́fíìsì má ní ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ tààrà. Èkejì, fíláàṣì ilé-iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kó má sì bá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹ̀kẹta, àpò fáìlì tó yẹ nìkan ni kẹ́ ẹ pín, kì í ṣe gbogbo ẹrù inú kọ̀ǹpútà. Kí oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ ẹni tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kíá. Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi àtúnṣe Windows falẹ̀. Ìkarùn-ún, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì máa dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣí.

Òfin náà ti dé. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ dáàbò bo àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ti òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rántí pé bí ẹ̀rọ bá dúró, àwọn tó ń gbowó ojúmọ́ ló máa kọ́kọ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo.