Kí Ẹ Tó Ra Jíìpù Olówó Ńlá Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ lójú ìwé ọrọ̀ ajé lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá àwọn jíìpù ńlá tí ẹ máa ń rí níwájú gbọ̀ngàn níbi ìgbéyàwó àti ìkómọjáde wa: Range Rover, Mercedes, BMW X5, Lexus, Cadillac Escalade. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ ẹni má gun ẹṣin tó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń rò ti pọ̀ ju ohun tá a lè dákẹ́ lé lórí lọ: ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ kí gbèsè báńkì tó tán, àti díílà tó ń gba owó láì rí àrùn tó ń ṣe ọkọ̀.

Owó tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, lẹ́yìn owó ilé, owó ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì ló tún kù. Bí owó àtúnṣe bá tún gorí rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá nílé ló máa ń forí fá a. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tó jìnnà sílé kò sì lè máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọkọ̀ òun ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ díílà.

Pọ́ọ́kú tó ń wọ́n

Jíìpù olówó ńlá kì í pẹ́ já wálẹ̀ lówó. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: ọkọ̀ tí wọ́n tà ní $80,000 nígbà tó wà ní tuntun lè di $30,000 lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọlé. A ó ní, “Ṣebí iye Camry tuntun náà nìyí?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye ọkọ̀ nìkan ló já wálẹ̀, iye páátì rẹ̀ kò já. Páátì ọkọ̀ $80,000 ni ẹ ó máa rà títí ọkọ̀ náà á fi kúrò lọ́wọ́ yín, owó mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ni ẹ ó máa san. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wáráńtì náà. Ní orílẹ̀-èdè yìí, wáráńtì tí BMW, Mercedes, Land Rover àti Lexus máa ń fún ọkọ̀ tuntun jẹ́ ọdún 4 tàbí máìlì 50,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Lexus máa ń fi kún un fún ẹ́ńjìnnì àti gíà, ó di ọdún 6 tàbí máìlì 70,000. Nítorí náà, ẹni tó ra jíìpù ọlọ́dún márùn-ún ti bá ọjà nígbà tí olùṣe ọkọ̀ ti kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Owó ara ẹni ló kù.

Àwọn àrùn tó lórúkọ

Kì í ṣe gbogbo jíìpù olówó ńlá ló burú, kì í sì í ṣe gbogbo ọdún. Àrùn ọkọ̀ ní orúkọ, ó ní ọdún, ó sì ní irú ẹ́ńjìnnì tó máa ń bá jà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹni tó ń tajà.

Àkọ́kọ́ ni ti Range Rover àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LR3. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sípíríǹgì onírin. Àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ dúró, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà. Bí rọ́bà bá ti gbó, á máa jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ náà á wá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti dí ohun tó ń jò, títí òun náà á fi jóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ni ọkọ̀ á jáde síta, á bá jíìpù tó ti kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí. Bí ẹni tó tún un ṣe bá pààrọ̀ ẹ̀rọ nìkan tí kò pààrọ̀ àpò tó ń jò, ẹ̀rọ tuntun náà kò ní pẹ́ kú. Ilé-iṣẹ́ Land Rover ti kúrò lọ́wọ́ BMW bọ́ sọ́wọ́ Ford ní ọdún 2000, Ford sì tà á pẹ̀lú Jaguar fún Tata ti orílẹ̀-èdè Íńdíà ní 2008 ní bílíọ̀nù $2.3. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tí J.D. Power máa ń ṣe lọ́dọọdún nípa ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta, ìsàlẹ̀ pátápátá tàbí ìtòsí ìsàlẹ̀ ni orúkọ Land Rover ti máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lexus ló gba ipò kìíní ní 2023, 2024 àti 2025.

Èkejì ni BMW X5 tó ní ẹ́ńjìnnì V8 tí wọ́n ń pè ní N63, èyí tó wà nínú X5 xDrive50i láti ọdún 2010. Àárín ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n gbé tọ́bò méjèèjì sí, ooru sì pọ̀ níbẹ̀ gidigidi. Àwọn tó ni ọkọ̀ ń sọ pé ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, pé bátìrì ń tètè kú, àti pé ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ń fà. Ní òpin ọdún 2014, BMW fúnra rẹ̀ gbé ètò pàtàkì kan kalẹ̀ láti yẹ àwọn ẹ́ńjìnnì náà wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn páátì kan láì gba owó. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní àlòkù, ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni Mercedes ML350, irú ti ọdún 2006. Tuscaloosa ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ML ní 1997. Nínú ẹ́ńjìnnì M272 tó wà nínú ọkọ̀ ìgbà yẹn, jíà kan wà lára ọ̀pá tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n, tó sì ń jẹ kíákíá. Jíà náà kò tóbi, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó iṣẹ́ fi ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Bí olùṣe ọkọ̀ ṣe ń dáhùn

Kò sí ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́. Ohun tó ya olùṣe ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni bó ṣe ń dáhùn. Nígbà tí Lexus ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Amẹ́ríkà ní 1989, oníbàárà méjì péré ló mú ẹjọ́ wá nípa LS 400. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Lexus pe gbogbo nǹkan bí 8,000 tí wọ́n ti tà padà, wọ́n lọ gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn nílé àwọn tó ni wọ́n, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì bu epo sí i kí wọ́n tó dá a padà. Ní oṣù Kẹrin 2010, ìwé ìròyìn Consumer Reports kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ra jíìpù GX 460, torí pé ìdí rẹ̀ ń yọ̀ jù bí wọ́n bá sáré wọ kọ́nà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Toyota dá títà rẹ̀ dúró. Wọ́n pe nǹkan bí 9,400 padà, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì yí ìkìlọ̀ rẹ̀ padà nínú oṣù tó tẹ̀ lé e.

“A kò rí nǹkan kan”

Ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù nípa díílà ni èyí: ọkọ̀ ń ṣe wàhálà lójú ọ̀nà, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n dá a padà lọ́jọ́ kẹta pé àwọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó mẹkáníìkì wà lára ohun tó ń fa èyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san owó, kì í ṣe wákàtí tó lò. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye wákàtí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un. Lábẹ́ wáráńtì, iye tí olùṣe ọkọ̀ gbà láti san sábà máa ń kéré sí ti oníbàárà tó ń san owó ara rẹ̀. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá fi wákàtí mẹ́ta wá ariwo tó ń wá tó ń lọ lè má rí owó gidi gbà fún un. Ẹni tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín níwájú náà lè máa gba ìpín nínú ohun tó bá tà fún yín, kì í sì í ṣe mẹkáníìkì.

Obìnrin ọmọ ìlú wa kan gbé jíìpù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ díílà nígbà márùn-ún nítorí gíà tó ń já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu nìkan, tí wọ́n ní kó máa lọ, pé bí ọkọ̀ tuntun ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ìwé méjì péré ló ní lọ́wọ́. Ìgbà méjì náà ni òfin rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ má ṣe kúrò lọ́dọ̀ díílà láì gba ìwé, kódà bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan. Kí ọjọ́ tí ẹ gbé e wá àti ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ wà níbẹ̀, kí iye máìlì wà níbẹ̀, kí ẹjọ́ tí ẹ rò sì wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe rò ó gan-an. Ẹ fi fóònù ya fídíò nígbà tí wàhálà náà bá ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì bá yín gùn ún lọ sójú ọ̀nà.

Òfin ọsàn wẹ́wẹ́

Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin tí wọ́n ń pè ní Lemon Law. Lemon ni ọsàn wẹ́wẹ́: ó dán lóde, ó kan nínú. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣe òfin yìí ní 1982. Ní Maryland, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, òfin náà bo ọkọ̀ tuntun fún oṣù 24 tàbí máìlì 18,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bí wọ́n bá ti tún àbùkù kan náà ṣe nígbà mẹ́rin tí kò lọ, tàbí tí ọkọ̀ ti lo ọjọ́ 30 lápapọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè béèrè owó yín tàbí ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí olùṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe díílà nìkan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Ní Texas, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀, TxDMV, ni ẹjọ́ náà ń lọ.

Òfin àpapọ̀ kan tún wà láti 1975, Magnuson-Moss. Ó ní olùṣe ọkọ̀ kò lè wọ́gi lé wáráńtì yín torí pé ẹ sáfíìsì ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kì í ṣe díílà. Ẹ ṣáà tọ́jú risíìtì gbogbo ọ́ìlì tí ẹ yí.

Fún ẹni tó ń ra àlòkù, ẹ ka ìwé Buyers Guide tí díílà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀. Bí wọ́n bá kọ “As Is” síbẹ̀, bí ẹ ṣe bá a lẹ ṣe rà á, àfi níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti gbà yín. New York, bí àpẹẹrẹ, fi dandan lé wáráńtì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tí kò tíì kọjá máìlì 100,000. Ẹ má sì gba ahesọ gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta wà láti dá ọkọ̀ padà. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí kò kan ọkọ̀ tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù díílà.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tiyín tó mọ irú rẹ̀ dáadáa. Owó díẹ̀ tí ẹ bá san fún un lè gbà yín lọ́wọ́ gbèsè ọdún márùn-ún. Díílà tó bá kọ̀ pé kí ẹ má gbé e lọ ti dá yín lóhùn.

Fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé

Ọ̀pọ̀ jíìpù wa ló ń parí ayé wọn ní Èkó, Ìbàdàn tàbí abúlé. Kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ tẹ nọ́ńbà VIN rẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sórí nhtsa.gov. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà níbí fún ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún 15, ó sì lè ṣòro gan-an láti rí i ṣe nílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà nínú èyí. Àpò afẹ́fẹ́ Takata, tó yẹ kó gba ẹni là nígbà ìjàǹbá, lè bú kó sì fi irin wẹ́wẹ́ gún ẹni tó wà níwájú. Ohun abúgbàù inú rẹ̀ ni ooru àti ọ̀rinrin ń bàjẹ́, ooru àti ọ̀rinrin sì ni ojú ọjọ́ Èkó. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú ẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú BMW X5, Escalade àti GX 460 sì wà nínú wọn. Ẹ má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá yín láì tún un ṣe.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó bá wà fún ọkọ̀ àti fún ohun tí ọkọ̀ á jẹ, ẹ rà á, ẹ gùn ún, ẹ gbádùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ló wà, ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ ná. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú díílà, kó mú gbogbo ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. A kò ní fi owó ara wa ra wàhálà o.