Epo Tí Ń Gba Ọkọ̀ Onígi Là

Ní Dubai àti Sharjah, omi òkun ya wọ àárín ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ojú omi onígi tí à ń pè ní dhow ti ń gúnlẹ̀. Láyé àtijọ́, pákó tíìkì láti Íńdíà ni wọ́n sábà fi ń kàn wọ́n.

Kí ló lè ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́? Èkíní ni oòrùn. Bí pákó bá gbẹ jù, á sán, omi á sì wọlé. Nítorí náà, wọ́n ń fi epo ẹ̀dọ̀ ẹja pa á lára, bí a ṣe ń fi òrí para nígbà ọyẹ́. Èkejì ni kòkòrò inú òkun tí ń dá igi lu. Nítorí tirẹ̀, ọ̀rá ẹran tí a pò mọ́ òkúta ẹfun jíjó ni wọ́n fi ń rẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan, ẹrù àti èèyàn wà nínú ewu.