Abẹ́rẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Agbẹ̀bí Wa Mọ̀ Ọ́n Gún

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún wa ni mo gbé wá lónìí.

Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti kan ìlẹ̀kùn mi lóru pé kí n wá gbàdúrà fún aboyún tí gìrì gbé. Àwọn kan á ní wárápá ni, àwọn mìíràn á ní àlùjànnú ni, wọ́n á sì máa bèèrè hàntú. Ohun tí mo máa ń wí ni pé kí wọ́n wá ọkọ̀ ná. Àdúrà kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́, n ó máa ṣe é bí a ti ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó bá oyún wá ni ó máa ń di gìrì bẹ́ẹ̀, a sì máa pa ìyá tọmọtọmọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí a sáré gbé e lọ náà ńkọ́? Mo bá ẹbí kan dé ilé ìwòsàn kékeré kan rí, nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ ní dókítà kò sí, kí a máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Kò fi ọwọ́ kan obìnrin náà. N kò pè é ní ìkà. Ẹ̀rù ni ó bà á, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Oògùn gìrì yìí wà, kò sì wọ́n. Magnesium sulphate ni wọ́n ń pè é. Ní 2002, èsì ìwádìí tí a fi obìnrin tí ó lé ní 10,000 ṣe ní orílẹ̀-èdè 33 jáde, Nàìjíríà sì wà nínú wọn: oògùn náà dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Ní Kánò, ní 2008, wọ́n kó o dé ọsibítù 10, wọ́n sì kọ́ àwọn dókítà àti agbẹ̀bí ní bí a ti ń lò ó. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 obìnrin tí gìrì gbé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún wọn le gan-an, bí 21 ni ó ń kú. Láàárín ọdún kan, ó wálẹ̀ dé bí 2. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Ìwọ̀n ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọlọ́jà sì mọ ohun tí òṣùwọ̀n èké ń ṣe. Aboyún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹrù ti ọjà dé, bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni ìwọ̀n náà yóò pa. Ó ní láti jókòó sinmi ná. 140 lórí 90 ni àmì ìkìlọ̀. Bí ó bá di 160 lórí 110, kò sí àyè ìjáfara mọ́. Wọn a yẹ ìtọ̀ wò, wọn a bèèrè bí orí ń fọ́ ọ, bí ojú rẹ̀ ń ṣú, bí òkè ikùn ń ro ó.

Abẹ́rẹ́ ni ó kàn: gírámù 4 sínú iṣan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì. Èyí ni ó yẹ kí agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ gún fún un kí ó tó gbé e sínú ọkọ̀, kì í ṣe kí ó máa retí dókítà. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn láti ka èémí, láti kan eékún wò bóyá ó ń ta, kí wọ́n sì wọn ìtọ̀ kí wọ́n tó tún gún òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, a kì í fi etí lásán kọ́ ọ.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó ní ilé ìgbẹ̀bí bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn: ta ni ó mọ abẹ́rẹ́ yìí í gún, oògùn náà sì wà nínú àpótí bí?

Gìrì náà a sì tún máa dé lẹ́yìn ìbímọ. Bí ìyá ìkókó bá ní orí ń fọ́ òun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yin Àáfà ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbé e lọ wọn ẹ̀jẹ̀ kí a tó jẹun.