Ìrìnàjò iṣẹ́ tí a fi ọjọ́ ìgbafẹ́ kún: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti lọ ṣe ìpàdé nílùú òkèèrè tí wọn ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ ju pápákọ̀ òfurufú, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ìpàdé lọ. Wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngàn di Ọjọ́bọ̀, nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti wà nínú bàálù tó ń padà bọ̀. Owó ti lọ, ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú wọn ò sì rí ohun tí wọ́n lè ròyìn fún ará ilé.

Ìyẹn ti ń yí padà. Kárí ayé, àwọn tí iṣẹ́ ń gbé lọ sókèèrè ti ń fi ọjọ́ bíi mélòó kan kún un báyìí, yálà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá parí, kí wọ́n lè sinmi, kí wọ́n sì rìn yí ìlú náà ká. Àwọn mìíràn ń mú ọkọ tàbí aya wọn dání. Alájàpá ilẹ̀ Yorùbá tó máa ń ná ọjà òkèèrè tán, tó máa ń yà kí ẹbí kó tó wálé, kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Àmọ́ alájàpá ló ni owó rẹ̀, òun náà ló sì ni ọjọ́ rẹ̀. Lóde òní, ilé-iṣẹ́ ló san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìjọba ibòmíràn ló fún èèyàn ní físà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló sì ṣèlérí pé òun á sanwó ìwòsàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi dá lórí ìbéèrè kan: nínú ìrìnàjò náà, ta ló ni ọjọ́ wo? Ẹni tó bá ti dáhùn rẹ̀ kó tó kúrò nílé lè jèrè ìrìnàjò kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá dáhùn rẹ̀ lè dé ilé bá wàhálà.

Kí ló dé tó fi ń gbilẹ̀?

Owó ni àkọ́kọ́. Nínú ìrìnàjò òkèèrè, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló sábà máa ń gba owó jù. Ẹni tí iṣẹ́ ti gbé dé Nairobi tàbí London ti kọjá ibi tó le jù. Kò ku ohun tó máa san ju owó ibi tó máa sùn, oúnjẹ àti ọkọ̀ lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù gan-an ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣòwò látọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà tú òfin tó de iye owó bàálù ní 1978, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa dá ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń sanwó fún mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá iṣẹ́ lọ kì í fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ níta. Ó fẹ́ wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ni wọ́n bá gbé òfin kan kalẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó bá sùn níbi tó lọ lálẹ́ Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú á dínwó, ti ẹni tó bá fẹ́ padà ṣáájú ìgbà náà á wọ́n. Àwọn ọ̀gá kan wá rí i pé ó sàn kí òṣìṣẹ́ dúró, nítorí owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì kò tó ohun tí wọ́n máa rí gé kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú pọ̀ sí i, òfin náà kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ṣì dára kí ẹ fi iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ ọjọ́ Ẹtì wé ti ọjọ́ Ajé kí ẹ tó sanwó.

Àrùn Kòrónà ni ìkejì. Ní 2020, iye àwọn tó rìnrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi ohun tó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2019, ìpàdé sì kó lọ sórí Zoom. Nígbà tí ọ̀nà ṣí padà, ọ̀pọ̀ ìpàdé kéékèèké kò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìrìnàjò tó ṣẹ́kù wá di èyí tó nídìí pàtàkì, èèyàn sì fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ dáadáa.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run ló ń ti ara bàálù wá. Ẹni tó bá so ìsinmi rẹ̀ mọ́ ìrìnàjò iṣẹ́ ti yọ wíwọ bàálù lọ-bọ̀ kan kúrò nínú ọdún rẹ̀.

Kigali: ìlú tó fi ìpàdé pe àlejò

Bí a bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe lè sọ àṣà yìí di ètò, Rùwáńdà ló yẹ ká wò. Orílẹ̀-èdè náà kò ní etíkun, ìpẹ̀yàrun ọdún 1994 ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi mọ orúkọ rẹ̀. Ní 2014, ó dá Rwanda Convention Bureau sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rọ àwọn àjọ àti ilé-iṣẹ́ ńlá pé kí wọ́n wá ṣe ìpàdé wọn níbẹ̀. Ní 2016, ó ṣí gbọ̀ngàn ńlá Kigali Convention Centre. Lóṣù Keje ọdún náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Kigali fún ìpàdé African Union. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti dín gáàsì kan tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù kù nítorí ooru tó ń dá sílẹ̀ láyé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti buwọ́ lu àdéhùn ọjà gbogbo Áfíríkà lóṣù Kẹta 2018, ibẹ̀ ni ìpàdé àwọn olórí Commonwealth ti wáyé lóṣù Kẹfà 2022. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Kigali ló gbà á lálejò.

Ìpàdé nìkan kọ́ ni wọ́n ń lé. Ọgbà ẹranko Volcanoes wà ní àríwá, kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lórí títì láti Kigali lọ, níbi tí ìnàkí orí òkè ń gbé. Ìnàkí irú èyí ṣọ̀wọ́n láyé: 1,063 ni iye tí wọ́n gbé jáde ní 2019, àárín Rùwáńdà, Uganda àti Kóńgò nìkan ni wọ́n sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ. Èèyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà láàyè láti bẹ agbo ìnàkí kan wò lójúmọ́, wákàtí kan ni wọ́n sì máa lò lọ́dọ̀ wọn. Lóṣù Karùn-ún 2017, ìjọba sọ owó ìwé àṣẹ náà di ìlọ́po méjì, láti 750 dọ́là sí 1,500 dọ́là. Nínú ìkéde kan náà ni wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá wá ṣe ìpàdé, tó sì lo ọjọ́ kún un ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kó lè wo ìnàkí, á rí ẹ̀dínwó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ gbé dé Kigali ti la ibi tó wọ́n jù nínú ìrìnàjò náà kọjá. Ó kù kí ẹnìkan fún un ní ìdí tó máa fi dúró. Alẹ́ méjì tó bá fi kún un di owó lọ́wọ́ onílé ìtura, awakọ̀, afinimọ̀nà àti ẹni tó ń ta oúnjẹ. Láti 2017 náà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé láti ọgbà ẹranko, tó jẹ́ ìdá 5 tẹ́lẹ̀, ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọgbà náà ká. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí igbó, tó sì ń rí àǹfààní ìnàkí nínú ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ pàkúté sínú igbó náà.

Ẹni tí owó ìnàkí bá ga jù fún lè gba ìlà oòrùn lọ sí Akagera, níbi tí wọ́n ti dá kìnnìún padà sí ní 2015, tí wọ́n sì kó àgbánréré wá ní 2017. Ó sì lè dúró nínú Kigali, kó lọ sí ilé ìrántí ìpẹ̀yàrun ní Gisozi, níbi tí wọ́n sin èèyàn tó ju 250,000 lọ sí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbọ̀ngàn ìpàdé tó lè kọ́ èèyàn ní ohun tí ibẹ̀ yẹn ń kọ́ni.

Agogo inú ara kì í bá bàálù sáré

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ló wúlò jù. Agogo kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó sùn àti ìgbà tó yẹ kó jí, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló sì ń tò ó. Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí agogo yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí bàálù bá gbé èèyàn lọ síbi tí aago ti yàtọ̀ gan-an, nǹkan bíi wákàtí kan ni ara ń rí tò lójúmọ́, ó sì máa ń nira jù bí èèyàn bá lọ sí ìhà ìlà oòrùn.

Láti Èkó sí London tàbí Kigali, ìyàtọ̀ aago kò ju wákàtí kan lọ. Àmọ́ láti Èkó sí Guangzhou ní Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ti ń ra ọjà, wákàtí méje ni. Ẹni tó dé lálẹ́, tó sì jókòó ná ọjà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méjì òru ni ara rẹ̀ ṣì wà. Bó bá kọ́kọ́ lo ọjọ́ méjì láti sinmi, láti rìn nínú oòrùn, owó tó gbé lọ ló ń dáàbò bò.

Ta ló ń san kí ni?

Ìlànà tó dára jù kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ ló ni tíkẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ló ni ọjọ́ ìgbafẹ́, látorí hòtẹ́ẹ̀lì dórí oúnjẹ, inú ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ ni kó sì ti yọ ọjọ́ náà. Bí yíyí ọjọ́ ìpadàbọ̀ bá fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni kó san àlékún náà.

Àwọn agbowó orí náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tó rìnrìnàjò nínú orílẹ̀-èdè náà nítorí iṣẹ́ ní pàtàkì, lè yọ owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, àmọ́ kò lè yọ ohun tó ná lọ́jọ́ ìgbafẹ́. Ní Britain, ohun tí èèyàn bá yọ báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ pátápátá, láìsí àbùlà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí rísíìtì ọjọ́ iṣẹ́ dàpọ̀ mọ́ ti ọjọ́ ìgbafẹ́.

Bó bá jẹ́ owó ìjọba, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù Kíní 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gé ìnáwó ìrìnàjò ìjọba àpapọ̀ kù, lẹ́yìn tí aráàlú bínú sí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó bá Nàìjíríà lọ sí COP28, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ní Dubai. Ìbínú yẹn tọ́. Bí ìpàdé bá parí lọ́jọ́rú tí òṣìṣẹ́ ọba dúró di ọjọ́ Àìkú, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bó bá jẹ́ ìsinmi rẹ̀ àti owó rẹ̀ ló ń ná. Bó bá jẹ́ àpò ìlú ló ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ náà, olè ni.

Ibi tí èèyàn kì í sábà wò ni adójútòfò. Ìwé adójútòfò tí ilé-iṣẹ́ gbà lè parí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá ṣubú lórí òkè lọ́jọ́ kejì ìgbafẹ́ rẹ̀ lè wá rí i pé òun fúnra òun ló máa san owó ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì ra ti ara yín fún ọjọ́ tó kù.

Físà àti ẹnubodè

Físà àlejò ti Britain gba ìpàdé àti ìgbafẹ́ pọ̀, ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà, àmọ́ kò fàyè gba kí èèyàn gbaṣẹ́ níbẹ̀. Ti Schengen ní Yúróòpù kò gbà ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, ní orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀, wọ́n sì lè fún èèyàn ní iye ọjọ́ tó kéré sí èyí. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ ìgbafẹ́ yín sínú ìwé tí ẹ fi ń tọrọ físà láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ tí wọ́n bá já lẹ́nubodè lè ba ìrìnàjò ọdún mìíràn jẹ́. Ẹ má sì gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó rọrùn jù. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láàyè láti lo 90 ọjọ́ lọ́dọ̀ ara wọn láìgba físà. Oníṣòwò tó bá parí ọjà ní Kútọnù lè lọ wo Ganvié, ìlú orí omi, tàbí kó yà sí Ajàṣẹ́, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá, kó tó gba Sẹ̀mẹ̀ wálé.

Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Àlejò oníṣẹ́ kò wọ́n ní Èkó. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lóṣù Kẹfà 2021, ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Ẹni tó bá parí ìpàdé lè wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, kó lọ gun Òkè Olúmọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005. Bí àwọn tó ń ṣètò àpérò bá lè fi ètò ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì sínú ìwé ìpè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi ẹ̀dínwó àti ààbò ojú ọ̀nà tì í lẹ́yìn, owó tó ń parí sí hòtẹ́ẹ̀lì Èkó á dé ọwọ́ aláró Ìtókù ní Abẹ́òkúta àti afinimọ̀nà Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ sì máa gbé jáde lọ́dún yìí, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí ọ̀gá yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ wo ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí, ọjọ́ wo ló jẹ́ tèmi, ta ló ń san kí ni, adójútòfò wo ló bo ọjọ́ wo? Ẹ gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, kí ẹ sì mú ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín rò pé ìsinmi náà jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ sì ti san owó rẹ̀.