Ṣé O Mọ̀ Pé Téṣàn Rélùwéè Ìwó Lè Wọ Orí Pákó Kan?

Ẹni tó bá gbọ́ pé àgbàlagbà ń to ojú irin kékeré sínú yàrá lè rò pé eré òyìnbó olówó ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni o, ìṣirò ni, ìtàn ìlú sì ni. Èyí tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ààyè há fún ló sábà máa ń ṣe èyí tó mọ́yán lórí, nítorí kò lè kó gbogbo ayé sínú rẹ̀. Yóò yan ohun kan, yóò sì ṣe é yanjú. Ẹ jẹ́ ká fi Ìwó Olódò Ọbà ṣe àpẹẹrẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1906 ni rélùwéè dé Ìwó? Ìdó ní Èkó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896, wọ́n sì ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn ìyẹn ni irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà lọ sókè: ó gba Làlúpọn, ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Jẹ́bà ní 1909. Kí kòkó tó di ọba, kọfí ni àwọn àgbẹ̀ Ìwó kọ́kọ́ mú ní ohun ọ̀gbìn fún títà nígbà tí rélùwéè dé. Téṣàn kan, ojú irin kan, ẹrù oko tó ń lọ sí Èkó: ohun tí ẹni tí kò ní ààyè ń wá gan-an nìyẹn. Bó bá ní Ìdó lòun fẹ́ kọ́, pálọ̀ yóò tán kó tó kan ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa dúró sí.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kan wà tó lè máa yípo nínú àpótí tí àwọn lọ́yà ń gbé lọ sí kóòtù? Ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1972. Lẹ́tà Z ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n yìí. Ìdá kan nínú 220 ti ọkọ̀ gidi ni, àlàfo tó wà láàrin irin rẹ̀ méjèèjì kò sì ju mìlímítà 6.5 lọ. Bí irin rẹ̀ bá yípo, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29. Ìwọ̀n N tóbi jù ú lọ: ìdá kan nínú 160 ni, irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 9, ó sì ń yípo nínú sẹ̀ǹtímítà 46. OO tí àwọn ará Britain fẹ́ràn jẹ́ ìdá kan nínú 76. Ìyípo rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88, ìyẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibi tí tábìlì ìjẹun máa wà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin gidi kò lè gba kọ́nà tí ti orí tábìlì ń gbà? Kọ́nà OO tí a sọ yìí, bí o bá sọ ọ́ di ńlá, mítà 33 péré ni láti àárín ìyípo náà dé ojú irin. Ọkọ̀ gidi tó ń rin ọ̀nà jíjìn ń fẹ́ kọ́nà tó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò yẹ̀. Irọ́ yìí ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń fi òkè, igbó tàbí ilé bò, kí ojú má baà rí i.

Ṣé o mọ̀ pé ojú irin tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni yóò bá ti Ìwó mu, bí o bá mọ ìṣirò? Ojú irin àtijọ́ tó gba Ìwó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 1,067. Ojú irin ilẹ̀ Britain àti Jámánì jẹ́ 1,435. Nítorí náà, bí o bá ra irin OO, tí o sì fi ìwọ̀n 76 kọ́ ilé, kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ yóò fẹ̀ ju ti Ìwó lọ. Àmọ́ pín 1,067 sí ọ̀nà 64: yóò jẹ́ 16.67. Irin OO jẹ́ 16.5. Wọ́n ti bá ara wọn mu! Ọgbọ́n yìí ni àwọn ará New Zealand ń lò, nítorí bí tiwa náà ni ojú irin tiwọn ṣe fẹ̀. Bí ààyè bá tún há ju bẹ́ẹ̀ lọ, pín in sí ọ̀nà 120, yóò jẹ́ 8.9, irin N onímìlímítà 9 yóò sì gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé rélùwéè àtijọ́ àti tuntun lè wà lórí pákó kan náà? Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó parí sí Móníyà. Irin rẹ̀ fẹ̀ ní 1,435. Pín ìyẹn sí ọ̀nà 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mìlímítà 12 géérégé, irin tí ilé iṣẹ́ Hornby sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Britain lábẹ́ orúkọ TT:120 ní 2022 nìyẹn. Onímìlímítà 9 fún ti àtijọ́, onímìlímítà 12 fún tuntun, àwọn ilé, igi àti èèyàn wọn kò ní yàtọ̀ síra.

Ṣé o mọ̀ pé bó ti wù kó kéré tó, Èkó sí Ìbàdàn kò lè wọ ilé rẹ? Kìlómítà 157 ni ojú irin tuntun yẹn. Ní ìwọ̀n 120, mítà 1,308 ni! Ògiri yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 kò sì lè dúró fún ju mítà 439 lọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó gbọ́n yóò kan pẹpẹ kan mọ́ ògiri, kó fẹ̀ tó ìwọ̀n ojú fèrèsé, kó sì kọ́ téṣàn Ìwó nìkan sí àárín. Yóò ta kọ́tìnnì sí ìparí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ọwọ́ òsì ni Ìbàdàn, ẹ̀yìn ti ọwọ́ ọ̀tún ni Òṣogbo. Ọkọ̀ yóò yọ láti Ìbàdàn, yóò dúró ní Ìwó, yóò já èrò sílẹ̀, yóò sì wọ Òṣogbo lọ. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń wò ó kò ní bèèrè ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ṣé o mọ̀ pé wágọ̀nù ẹrù mẹ́jọ lè fún ọ ní iṣẹ́ 6,720? Ará Britain kan, Alan Wright, ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Inglenook Sidings jáde. Ibi méjì péré ni irin ti yà níbẹ̀, tó fi di ẹsẹ̀ irin mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tó gùn jù gba wágọ̀nù márùn-ún, méjì yòókù gba mẹ́ta-mẹ́ta. Irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ẹrù jáde kò gbà ju ẹ́ńjìnnì àti wágọ̀nù mẹ́ta lọ. Kọ nọ́ńbà wágọ̀nù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sára bébà, dà wọ́n sínú fìlà, mú márùn-ún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra ni o gbọ́dọ̀ tò wọ́n sórí ẹsẹ̀ irin gígùn náà.

Ká ní kòkó ló kọ́kọ́ jáde nínú fìlà, àmọ́ tí wágọ̀nù kòkó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ irin kejì, tí wágọ̀nù màlúù méjì dí i lọ́nà. Ẹ́ńjìnnì yóò wọlé, yóò fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀. O yí irin, ó tì wọ́n wọ ẹsẹ̀ gígùn, ó tú kòkó sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì dá màlúù padà síbi tó ti kó wọn. Kòkó ti jáde nìyẹn, àmọ́ kò tíì dé àyè rẹ̀ gan-an. Ekùrọ́ tó kàn ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn iṣu. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 8 lọ́nà 7 lọ́nà 6 lọ́nà 5 lọ́nà 4, 6,720 ló máa fún ọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ṣeé tò. Ní ìwọ̀n OO, pákó tó gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ti tó fún gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó ti ní ọkọ̀ ojú irin tó kéré ju ti Ìwó lọ? Wọ́n ń pè é ní Lagos Steam Tramway. Ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 6 péré ni irin rẹ̀ fẹ̀, ó ń gba orí afárá Carter kọjá láti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, ó kógbá wọlé ní 1933. Irú ojú irin tóóró bẹ́ẹ̀ ń gba kọ́nà tó ká gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ààyè há fún fi máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìwọ̀n 87, irin onímìlímítà 9 bá a mu.

Ṣé o mọ̀ pé o kò nílò NEPA? Iná tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí ń jẹ kò ju fóòtì 12 lọ, iye kan náà tí bátìrì ọ̀kadà ń gbé jáde. Iná ń gba inú irin méjèèjì dé ara kẹ̀kẹ́, láti ara kẹ̀kẹ́ dé inú mọ́tò. Bí iná bá pọ̀ sí i, ọkọ̀ á sáré. Bí o bá yí wáyà orí àti ìdí padà, ọkọ̀ á fi ẹ̀yìn rìn. Fi fíúsì sí i o, nítorí bátìrì kì í fojúure wo wáyà méjì tó bá kanra.

Ṣé o mọ̀ pé inú ilé rẹ ni ọjà ohun èlò wà? Àwọn ọmọdé wa ti ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tí wọ́n ń fi sílípáàsì tó ti gbó gé táyà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Ọgbọ́n kan náà ni. Gé páálí fún ògiri. Fi gọ́ọ̀mù tí o fi omi là kùn ún, kí o sì gbọn ilẹ̀ pupa tí o ti jọ̀ sí i lára: ògiri alámọ̀ dé. Fún páànù, mú bébà tó ń dán nínú páálí sìgá, tẹ́ ẹ sórí òòyà tí eyín rẹ̀ há mọ́ra, kí o sì fi èékánná fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá ká a kúrò, ó ti di páànù oníkọ̀ǹgó. Fi ìka nu ilẹ̀ pupa díẹ̀ sí i, ó ti dípẹtà bí òrùlé ilé àtijọ́. Fún igi, já kàn-ìn-kàn-ìn sí wẹ́wẹ́, rì í sínú gọ́ọ̀mù, yí i nínú ewé gbígbẹ tí o ti fọwọ́ rún.

Ṣé o mọ̀ pé ọyẹ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́? Pákó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, ó máa ń wú nígbà òjò. Irin tí o kàn pọ̀ láìfi àyè sílẹ̀ yóò wọ́. Fi àlàfo mìlímítà kan sílẹ̀ níbi tí irin méjì ti pàdé, kí o sì kun pákó náà níwájú àti lẹ́yìn. Eruku ni ọ̀tá kejì: bó bá bo irin, iná kò ní dé ara kẹ̀kẹ́. Aṣọ tí a fi sípírítì rin díẹ̀ yóò nù ún kúrò, aṣọ tàbí láílọ́ọ̀nù tí a fi bò ó lálẹ́ yóò sì dín iṣẹ́ kù.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe eré àdáṣe? Lójú irin kan ṣoṣo, bí irú èyí tó gba Ìwó, ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ wà láàrin téṣàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí awakọ̀ gba àmì kan lọ́wọ́ ọ̀gá téṣàn kó tó lọ; ẹni tí àmì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dúró. Fi ọmọ kan ṣe téṣàn máásítà Ìwó, fi ìkejì ṣe awakọ̀, fún wọn ní òrùka kan tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Wàá rí ẹ̀kọ́ sùúrù.

Ṣé o mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ irú eré yìí ni ìtumọ̀ “hacker” tí ayé kọ̀ǹpútà ń lò ti gbilẹ̀? Ẹgbẹ́ Tech Model Railroad Club tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1946 ni. Ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀ wọn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti rékọjá sí kọ̀ǹpútà. Rod Stewart tó ń kọrin ń kọ́ ilé kéékèèké ìlú tirẹ̀ nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá ń káàkiri fún orin, ó sì lé ní ogún ọdún tó fi ṣe é. Ní Hamburg, Miniatur Wunderland, tí wọ́n ṣí ní 2001, ní ọkọ̀ ojú irin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ìyẹn gba ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Ìwọ kò nílò rẹ̀.

Ṣé o mọ ibi tó yẹ kí o kọ́kọ́ lọ? Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ilé Jaekel wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè wa sí. Kí o tó débẹ̀, lọ bá àwọn àgbà Ìwó tó kó kòkó wọ ọkọ̀ rí. Bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń to àpò sí, ẹ̀gbẹ́ wo ni èrò ń dúró, igi wo ló wà níbẹ̀. Ya àwòrán ohun tó kù, fi ẹsẹ̀ wọn ilé tó ṣì dúró, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pákó àti irin kò ní sá lọ. Àwọn tó mọ ìtàn náà ni kí o tètè lọ bá.