Onílé Ní Kò Tó: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Adíyelé ní Ìlobùú àti Ìfọ́n

Ó yẹ kí a bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tí ì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí a ń pè láti dá iye lé ilé àti ilẹ̀. Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1975 sì ni ó fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀, tí ó sì ní kí a máa forúkọ àwọn tí ń ṣe é sílẹ̀. Ohun tí ó mú wa ronú kàn án ni ọ̀ràn Ìlobùú àti Ìfọ́n ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ara wọn, tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn nígbà púpọ̀. Ní ọdún 2025 ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, ọ̀pọ̀ ilé sì jóná.

Bí iná bá ti kú tán, ìbéèrè tí ó kù ni pé, èló ni ohun tí ó jó? Báńkì lè béèrè, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè béèrè, lọ́yà tí ó fẹ́ lọ sí kóòtù kò sì ní ṣàì béèrè. Adíyelé ni yóò dáhùn. Bí ó bá sì dáhùn tán, kí ó múra sílẹ̀ de onílé tí yóò na ìwé náà sí i lójú pé, "Ṣé ilé tèmi ni ẹ kọ èyí sí?"

Kí adíyelé má bínú, kí ó má sì sáré fèsì. Ilé kì í ṣe ọjà lásán lójú ẹni tí ó kọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni a bí àwọn ọmọ sí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ojú oórì bàbá rẹ̀ wà. Kò sí ìlà tí a lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé ìdíyelé, ìdí sì nìyí tí owó náà fi ń kéré lójú onílé kí ó tó kà á tán. Bí adíyelé bá wí fún un pé, "Èmi ni mo mọ iṣẹ́ mi," ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, apá ibo nínú rẹ̀ ni ẹ rí i pé kò tọ́?"

Nígbà mìíràn, èsì rẹ̀ a máa jẹ́ ohun tí a lè fi ojú rí. A kọ yàrá mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀ kí iná tó jó méjì kanlẹ̀. Tàbí kànga kan wà tí ògiri tí ó wó ti bò mọ́lẹ̀. Kí adíyelé bá onílé padà lọ síbẹ̀, kí ó tún un wọ̀n, kí ó béèrè fún púláànù, rìsíìtì páànù àti ti sìmẹ́ńtì, àti fọ́tò ìgbéyàwó tí ògiri ilé bá hàn lẹ́yìn rẹ̀. (Fọ́tò ayẹyẹ a máa jẹ́rìí ju ẹnu lọ nínú irú ọ̀ràn báyìí.) Bí àṣìṣe bá wà, kí ó kọ ìwé mìíràn, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó sì sọ ohun tí ó yí padà àti ìdí rẹ̀.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ pé, tí ìwọ̀n rẹ̀ tọ́, tí ó sì ń wí pé owó kò tó, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Iye ilé kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Iye tí a fi kọ́ ọ yàtọ̀ sí iye tí ẹlòmíràn yóò rà á. Ilé tí ó wà lẹ́bàá ààlà tí ìbọn ti dún kò lè rí olùrà bí ti àtẹ̀yìnwá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríkì rẹ̀ kò dín kan. Nítorí náà ọjọ́ tí a dá iye lé e ṣe pàtàkì: ṣé kí ìjà tó bẹ́ ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Onílé yóò bínú pé ìjà tí òun kò dá sílẹ̀ ni a fi ń gé owó òun, ìbínú rẹ̀ sì tọ́ lójú wa. Síbẹ̀ ẹni tí báńkì rán láti wádìí iye tí ilé náà lè pa lónìí kò lè kọ iye èṣí. Kí ó kọ irú iye tí ó wá, ọjọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kí ó sì là á yé onílé pé bí ó bá jẹ́ owó àtúnkọ́ ni a ń fẹ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ti ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún ìlò gbogbo ènìyàn tún yàtọ̀. Nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ìpín 29, ilẹ̀ lásán kò ní ju owó orí ilẹ̀ tí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ san ní ọdún tí a gbà á. Ti ilé, iye tí a ó fi tún un kọ́ ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀ kúrò; ti kòkó àti ọ̀pẹ, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá là sílẹ̀ ni. Ẹni tí ilé alámọ̀ bàbá-ńlá rẹ̀ lọ lè gba owó tí kò ní tó kọ́ yàrá méjì. Bí ó bá ní kò tó, ìgbìmọ̀ ìpín ilẹ̀ ni ìpín 30 ní kí ó lọ bá, nítorí ìpín 47 kò jẹ́ kí kóòtù gbọ́ ẹjọ́ pé owó gbà-má-bínú kéré. Òfin yìí le lójú wa. Ṣùgbọ́n adíyelé kọ́ ni ó ṣe é, kò sì yẹ kí ó fi pamọ́ fún onílé.

Ẹ má ṣe rò pé kìkì iye owó ni àwọn ènìyàn ń bá jà. Ní ọdún 1913 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, béèrè owó gbà-má-bínú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà pátápátá. Kóòtù níhìn-ín sì wí pé ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni ó ní. Òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba sì dá a láre ní ọdún 1921 pé kí a ṣe ìṣirò owó náà bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ náà ni ó ń fi lé ìjọba lọ́wọ́. Ìbéèrè pé ta ni ó ni í ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú, kí ti èló tó tẹ̀ lé e.

Ìdẹkùn tí ó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n nìyí. Onílé lè gba iye owó náà láìjiyàn, kí ó sì wí pé, "Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ ìlú wa ni." Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́la ìwé náà yóò wà níwájú adájọ́, tàbí níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá ohun tí wọn yóò fi jà. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí adíyelé kọ pé lágbájá ni ó wà nínú ilé náà, pé ìlú méjèèjì ni ó ń sọ pé àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, àti pé òun kò dájọ́ lórí èyí. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọn, kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó sì dá owó tí kò tí ì ṣiṣẹ́ fún padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọdọ̀ gbà kí a so owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ bí iye ilé bá ṣe ga tó, nítorí ta ni yóò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Bí onílé bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn gbogbo àlàyé, kí adíyelé fún un ní lẹ́tà tí ó sọ ohun tí a tún yẹ̀ wò àti ìdí tí iye náà kò fi yí padà, kí ó sì wí fún un pé àyè wà láti pe adíyelé mìíràn tí ó forúkọ sílẹ̀. Bí ẹni náà bá dé, tí ẹni tí ó rán iṣẹ́ sì yọ̀ǹda, kí ó kó ìwọ̀n àti fọ́tò rẹ̀ jáde fún un.