Koríko Wà, Ta Ni Yóò Ra Ẹran? Bí Ọ̀rọ̀ Ọgbà Màlúù Ṣe Dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn agbègbè rẹ̀. Smyth àti Montgomery ló kọ ọ́, orúkọ ìlú wa ni wọ́n sì fi pe oríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù, Ìtagunmódì. Ìtagunmódì wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilẹ̀ pupa ni, amọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó ń di omi mú, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ Ìwó ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ jù ú lọ, ìhà ọ̀dàn ló sì kọjú sí. Ìyàtọ̀ ilẹ̀ méjèèjì yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí màlúù pọ̀ ní Ìwó, kó sì ṣọ̀wọ́n ní Iléṣà.

Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ilẹ̀ wá, eṣinṣin tsetse sì ni olóko ibẹ̀. Màlúù funfun ńlá tó ń ti òkè Ọya bọ̀ kò lè gbé irú ibẹ̀ pẹ́ kí àìsàn tó mú un. Mùtúrù kúkúrú àti kétékú nìkan ló ń fara dà á, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni wọ́n. Nígbà tí rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907, tó sì dé Kánò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹran tí ò lè gbé lọ́dọ̀ wa lè wá kú lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, alápatà Òṣogbo kò ní ìdí kankan láti mọ koríko. Ọjà ló mọ̀.

Àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú láti yí èyí padà. Ní 1959, nígbà tí Akin-Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibùdó àgbẹ̀ tí wọ́n wo àwòṣe rẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Èsà-Òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní tiẹ̀, Ọlọ́bà lẹ́bàá Ìwó náà ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó, ọ̀pẹ àti adìyẹ ló gba iwájú níbẹ̀. Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń sin N'Dama, màlúù tí wọ́n kó wá láti Gíní nítorí pé ara rẹ̀ le sí eṣinṣin tsetse. Ní ìgbà òṣèlú yẹn kan náà, igbó ajèjì kan ń gbilẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Àwọn kan sọ ọ́ ní Akintọ́lá, àwọn kan ní Awólọ́wọ̀, kálukú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Màlúù kì í jẹ ẹ́, níbi tó bá sì ti bo ilẹ̀, koríko kì í rójú hù.

Ohun tí ìjọba ò ṣètò, àwọn Fúlàní tó wá tẹ̀dó sí agbègbè Ìwó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Àwọn Yorùbá olówó ń ra màlúù, wọ́n ń gbé e fún àwọn Fúlàní yìí kí wọ́n máa bá wọn sìn ín. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ìgbẹ́ màlúù sórí oko rẹ̀ ń gbà kí agbo sùn síbẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ní tèmi, àwọn obìnrin Fúlàní ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń fún wàrà, wọ́n ń fi omi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú un dì, wọ́n sì ń gbé e lọ́jọ́ náà lọ sí ọjà tó sún mọ́ wọn. Ẹni tó fún un ló tà á, owó rẹ̀ sì dé ọwọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí a ṣe lè mú ilẹ̀ sanra kì í ṣe àdììtú. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILCA àti ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn gbin àgúnmániyè àti leucaena ní ìlà-ìlà sáàárín oko àgbàdo. Wọ́n ń gé ewé rẹ̀, wọ́n ń fún ewúrẹ́ àti àgùntàn jẹ lára rẹ̀, wọ́n ń da ìyókù sílẹ̀ kó di ajílẹ̀. Ọgbà màlúù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Màlúù tó wọn 250 kílò ń jẹ tó kílò 6 koríko lójúmọ́, tí a bá yọ omi inú koríko náà kúrò. Bí a bá pín ọgbà sí abala-abala, tí ẹran jẹ abala kan fún ọjọ́ díẹ̀ tó sì kúrò, gbòǹgbò koríko á tún jinlẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á wọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi í síbi kan títí, tàbí tí wọ́n tiná bọ igbó lọ́dọọdún kí koríko tútù lè yọ, ilẹ̀ á le bí òkúta, òjò á sì gbá erùpẹ̀ òkè rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ọjà. Abner Cohen, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Hausa Sábó Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, fi hàn pé àwìn ni òwò màlúù dúró lé. Alápatà Yorùbá kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Maigida, ìyẹn Hausa tó gba oníṣòwò ẹran sílé, ló ń dúró fún un. Alápatà á pa á, á tà á, á sì padà wá san gbèsè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí gbèsè yìí, síbẹ̀ wọn kì í yà. Fojú inú wo olọ́gbà kan ní Iléṣà tó fi koríko sin màlúù mẹ́wàá títí wọ́n fi sanra. Owó ọwọ́ ló ń wá, torí òṣìṣẹ́ àti wáyà ọgbà ń dúró dè é. Alápatà ń fẹ́ àwìn. Ó mọ̀ pé òun á rí i gbà ní kárà Ṣẹ̀kọ̀nà, ìyẹn ọjà màlúù ibẹ̀. Kí ni yóò wá ṣe lọ́dọ̀ olọ́gbà? Ìjẹ̀ṣà tó dá òṣómàáló, òwò títa aṣọ láwìn, sílẹ̀ kò ṣàìmọ̀ bí àwìn ṣe ń so ènìyàn mọ́ ọjà.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i tí ẹnìkan gbìyànjú láti tú okùn yìí. Ní oṣù kẹrin 2012, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ O'Meals, oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ ilé ìwé tó lé ní 250,000. Ìjọba sọ pé màlúù 35 ń wọ ìkòkò àwọn alásè lọ́sẹ̀ kan. Oníbàárà nìyẹn, tí ò ní lọ sí Ṣẹ̀kọ̀nà lọ gba àwìn. Wọ́n tún fi O'Beef sí Ọlọ́bà, kí wọ́n máa bọ́ màlúù sanra níbẹ̀. Ètò náà fẹjú ju apá àpò ìpínlẹ̀ lọ, mi ò sì ní pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, a mọ ẹni tó máa jẹ ẹran kí a tó sọ̀rọ̀ ọgbà.

Lẹ́yìn náà ni òfin dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà Gúúsù ṣèpàdé ní Asaba, wọ́n ní kí dída ẹran jẹ̀ káàkiri dópin. Ọdún yẹn náà ni Gbóyèga Oyètọ́lá, gómìnà ìgbà náà, fọwọ́ sí òfin ti Ọ̀ṣun. Àgbẹ̀ tí màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rí kò ní bẹ̀ mí kí n tó yin òfin yìí. Àmọ́ òfin tó ní kí ẹran má rìn mọ́ kò gbin koríko, kò sì yá alápatà lówó. Ní ti oníbàárà, ìjọba àpapọ̀ ti gba ètò oúnjẹ ilé ìwé lò láti 2016, ó sì fẹ̀ ẹ́ kárí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kìíní 2024 ni Ààrẹ Tinubu dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn fún ìwádìí. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó dá ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn.